Ohùn Ìyá Lábẹ́ Orin

Ara mi kì í gba ìjókòó. Bàbá mi, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe olùkọ́, máa ń sọ pé bí wọ́n bá dè mí mọ́ àga, àga náà ni yóò kọ́kọ́ dìde rìn. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń ya àwọn ará ilé wa nígbà tí wọ́n bá rí irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní Savalou, torí iṣẹ́ ìjókòó ni látòkèdélẹ̀. Inú yàrá kékeré kan tó kọjú sí ọ̀nà ńlá ni mo máa ń wà, kásíkì bò mí létí méjèèjì, kọ̀ǹpútà wà níwájú mi, mo ń tún ohùn ṣe. Ìwàásù, ìpolówó ọjà fún rédíò, fídíò ìgbéyàwó, fídíò ìsìnkú, kò sí èyí tí wọn kì í gbé wá bá mi.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ni kí n bá wọn yọ ohùn èèyàn kúrò nínú orin. Ọkùnrin kan gba ohùn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbi àríyá, orin sì bo bàbá mọ́lẹ̀. Oníwàásù kan sọ̀rọ̀ tán, ó wá rí i pé àwọn akọrin tó ń kọ lẹ́yìn òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tóun sọ. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tó ń pín gbogbo ohun tí etí gbọ́ sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹnu á lọ sí apẹ̀rẹ̀ kan, orin á lọ sí èkejì, ariwo yòókù, ìyẹn ọkọ̀, adìyẹ, àtẹ́wọ́ àti ilẹ̀kùn tó ń dún, á lọ sí ẹ̀kẹta. Bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó yá, mi ò sì ní sùúrù fún ohun tí kò bá yá.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, gun alùpùpù láti Bantè, nílé wa, wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lásìkò tí wọ́n ń ṣa kajú. Kò tíì tú ìborùn tó fi dènà eruku tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, ọmọ Akpassi kan tó ń ṣe tíṣà ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo rò pé aṣọ tàbí oúnjẹ ló bá wá. Ọ̀rọ̀ Ìyá ló bá wá.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá wa lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá ṣáṣá, ojú rẹ̀ mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu ni “mm.” Mm ni bẹ́ẹ̀ni, mm ni bẹ́ẹ̀kọ́, mm ni ẹ bá mi bu omi. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni mò ń sọ yìí. Mi ò lè wò ó nígbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí. Mo máa ń dìde, mo máa ń wá nǹkan gbá.

Bẹ́ẹ̀, nílé wa, ọmọbìnrin kì í ré ẹnu ọ̀nà kọjá lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá tó bí i jókòó síbẹ̀ kó sì ṣàdúrà fún un. Ìyàwó á kúnlẹ̀ níwájú ìyá, àwọn obìnrin ilé á yí wọn ká. Ọ̀rọ̀ ni ìyá fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àdúrà bá ti ń wọ̀ ọ́ lára, ohùn á gòkè, á di orin, á tún sọ̀ kalẹ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa dáhùn pé àmín. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wá, ṣùgbọ́n fadá tó so mí pọ̀ mọ́ ọkọ mi dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tèmi, torí wọ́n ti sọ fún un pé Ìyá ò tíì parí.

Ohun tó fi ń parí rẹ̀ ni orúkọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá ti ṣeré lọ sídìí àwọn igi kajú, Ìyá kì í pariwo orúkọ wa bí àwọn ìyá yòókù. Ó ní orin tó fi ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tèmi kúrú, ó ń sáré gòkè, ó sì dúró síbẹ̀, bí èmi fúnra mi. Ti àbúrò mi gùn, á máa sọ̀ kalẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, títí a ó fi rò pé ó ti tán, kó tó wá fò sókè níparí. A kì í dúró gbọ́ orúkọ náà fúnra rẹ̀ kí a tó mọ ẹni tó ń pè. Ẹni tó bá gbọ́ orin tirẹ̀ á dáhùn pé “Mò ń bọ̀, Ìyá,” á sì gbéra. Orin yẹn náà ni Ìyá fi pe orúkọ mi níparí àdúrà mi, nígbà tí mo gbọ́ ọ ni mo tó dìde tí mo rékọjá.

Àbúrò mi fẹ́ kí n yọ àdúrà yẹn jáde látinú fídíò ìgbéyàwó mi, kí a lè gbé e fún òun lọ́jọ́ tirẹ̀. Mo sọ fún un pé àǹtí wa, àbúrò Ìyá, ti ní òun á jókòó sípò ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn máa ṣàdúrà nígbà tí Ìyá wà láàyè, tó jókòó, tó ń wò, òun ò lè kúnlẹ̀ fún un. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n tèmi ni àdúrà tó wà nínú fídíò yẹn, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti gba tiyín. Ẹ bá mi yọ ọ́ jáde, kí èmi náà rí tèmi gbà.”

Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Mo ṣí fídíò náà lẹ́yìn tó lọ tán, inú bí mi débi tí mo fi yọ kásíkì kúrò létí. Ní ibi tí Ìyá ti ń ṣàdúrà, orin kan tó gbòde lọ́dún yẹn ló ń dún látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ya fídíò ló lọ fi bò ó nílé ara rẹ̀. Àṣà gbogbo àwọn tó ń ya fídíò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Wọn kì í fẹ́ kí ibì kankan ṣẹ́ kù tí orin ò sí. Bí èèyàn bá ń jẹun, orin, bí ó bá ń sunkún, orin, bí fadá bá ń bi ọ́ bóyá o gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, orin ni yóò bá ọ dáhùn.

Ilé ọkùnrin náà kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Mo lọ bá a pé kó fún mi ní ojúlówó èyí tó yà, èyí tí kò tíì fi nǹkan bò. Ó fi èdè Mahi kí mi, ó fi Faransé ṣàlàyé fún mi pé òun ti pa á rẹ́ tipẹ́, káàdì inú kámẹ́rà ni òun fẹ́ tún lò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi orin bo àdúrà. Ojú kò tì í rárá. Ó ní àdúrà láìsí orin, ṣé wọn ò ní sọ pé òun ò ṣiṣẹ́ ni? Ó fẹ́ kí ó dùn ni, kò ní ibi kankan nínú, ìyẹn sì tún wá bí mi nínú ju kó jẹ́ pé ìkà ló ṣe lọ. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo rìn yí ọjà ká kí n tó lè padà jókòó.

Mo gbé e fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó pín in tán, mo ṣí apẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn Ìyá sì jáde ní mímọ́, láìsí orin, bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ó ní kí ilé ọkọ tù mí lára. Ó ní kí n má ṣe fi ìkánjú fọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi mọ. Mo ti gbàgbé pé ó sọ ìyẹn. Mo sunkún, mi ò purọ́, oníbàárà kan wọlé, ó rí mi, ó sì rọra padà síta.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ, mo rí i pé ó ń já. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á sì parẹ́ láàárín rẹ̀, á tún yọ níwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Gbogbo ibi tí ohùn rẹ̀ ti gòkè di orin, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n sí ọ̀rọ̀ mọ́. Orin ló pè é, ó sì kó o dà sínú apẹ̀rẹ̀ orin, láàárín ìlù àti gìtá ẹni ẹlẹ́ni. Àmín tí àwọn obìnrin jọ ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ ìyẹn náà sí ọ̀rọ̀. Ó kó o mọ́ àtẹ́wọ́ àti adìyẹ. Àdúrà kan ṣoṣo, ó ti fọ́n ọn ká bí ẹni tú ẹrù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á padà, díẹ̀díẹ̀, ìyẹn èmi tí mi ò lè dúró kí iṣu jinná. Mo máa ń gé èyí tó kéré ju èémí kan lọ látinú orin, mo máa ń fọ ìlù kúrò lára rẹ̀, mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti já. Mo máa ń dìde. Mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó kajú kọjá. Mo ra àkàsà, ó tutù lórí tábìlì, mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, àdúrà náà so pọ̀ dáadáa, àfi orúkọ.

Mo bẹ àbúrò mi pé kó fi gbogbo ohùn tí Ìyá fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ṣáájú àìsàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí ibi tó ti pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ìbáwí. Níbo lo fi kọ́kọ́rọ́ sí, ta ló ní kí o má pa ẹ̀rọ omi. Mo gé orúkọ kan nínú rẹ̀, mo fi dípò tèmi. Ìyá wá ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà, ó ń bá a lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣàdédé pe ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tí ìkòkò ń jóná. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí. Mo na orúkọ náà kó lè gùn, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fò sókè bó ṣe yẹ, ó wá dún bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Mo sọ fún ara mi pé nínú ariwo ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bantè nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ ń dúró níbi gbogbo, ó ń gbé iṣu, ó ń sọ iṣu kalẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo délé, Bàbá jókòó nínú pálọ̀, Ìyá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àbúrò mi jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn jáde sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìyá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kò wo àbúrò mi. Èmi ló gbójú sókè wò, ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, torí èmi ni ohùn yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò mi rí i, ó tẹrí ba. Nígbà tó kan orúkọ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn, Ìyá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá apá àga. Ó ní mm, ó yí ojú sí ògiri. Àbúrò mi ní bóyá ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó ní kí n tún un gbé kí n dín in kù. Mo tún un gbé. Ìyá fa ìborùn rẹ̀ sókè, ó fi bo etí.

Bàbá ní kí n pa á. Ó wá yíjú sí àbúrò mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ìgbà tó bá fẹ́ sọ èsì ìdánwò tí kò dáa.

“Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Ìyá yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Àbúrò mi dìde lọ sí ilé ìdáná, a sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Inú ń bí mi sí kọ̀ǹpútà, sí ẹni tó ya fídíò, sí àìsàn, sí ara mi. Ojú tì mí pé mo gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá síwájú ìyá mi. Mi ò lè jókòó, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ lọ, ni mo bá ń tẹ ibí tẹ ọ̀hún lórí kọ̀ǹpútà, mo ń ṣí, mo ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣí apẹ̀rẹ̀ kẹta, èyí tí mi ò kà sí.

Adìyẹ ló kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́, àti àwọn obìnrin tó ní àmín, láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àmín mìíràn.

“Mm,” ni Ìyá wí.

Mo rò pé omi ló fẹ́, mo ti dìde kí n lọ bù ú. Ó tún ní mm, mm, èyí gùn, ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró. Àwọn obìnrin inú ẹ̀rọ ní àmín. Ìyá rọra mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo Bàbá, Bàbá wò mí. Ìyá kò gbọ́ ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ti kọjá. Wọ́n ń dá a lóhùn, òun náà ń ṣàdúrà.

Mo pe àbúrò mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ìyá rí i, kò dákẹ́, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń bá a lọ, mm, mm, àwọn obìnrin ń dáhùn, títí ó fi kan ibi tí orúkọ yẹ kó wà. Níbẹ̀ ló dúró. A retí. Kò pe nǹkan kan. Àbúrò mi bi Bàbá bóyá Ìyá ti gbàgbé òun ni.

“Ó mọ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń pe orúkọ,” ni Bàbá wí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò dá òun náà lójú.

Mo padà sí Savalou, mo sì yí iṣẹ́ náà po. Ohùn Ìyá ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kẹta, gbogbo ibi tí mo ti ń wá a tẹ́lẹ̀, mo wá ń pa á rẹ́. Ó ṣòro lára mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, kí n jókòó kí n máa yọ ohùn ìyá mi kúrò ní ibi tó ti ń ṣàdúrà fún mi, bí mo tilẹ̀ ti fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Mo yọ orin, mo yọ orúkọ mi. Ohun tó kù ni àmín, àtẹ́wọ́, adìyẹ, àti àwọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Àmọ́ mo tún fi èyí tí mo lẹ̀ orúkọ mọ́ sínú fóònù mi. Bí Ìyá bá dákẹ́ níbi orúkọ, mo ní n ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ò lè kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a gbé àga Ìyá sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, àwọn obìnrin yí wọn ká, àǹtí wa dúró lẹ́yìn àga. Mo fi ẹ̀rọ pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ ẹ́. Àmín jáde láti ibẹ̀, àwọn obìnrin sì wo ara wọn, torí ohùn tiwọn ni, ohùn obìnrin kan tí a ti sin sì wà láàárín wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Mm, mm. Ohùn rẹ̀ kéré, àǹtí ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tún dáhùn, ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin dáhùn pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ohùn Ìyá gòkè. Mo dín ẹ̀rọ kù, mo tún dín in kù, mo wá pa á, kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo pa á.

Ó kan ibi orúkọ. Ìyá dákẹ́.

Àwọn obìnrin dá àtẹ́wọ́ dúró. Àbúrò mi kò gbé orí sókè. Àǹtí la ẹnu láti bá a pè é, Bàbá sì na ọwọ́ sí i pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka mi ti wà lórí fóònù. Ìyá ń wo orí ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, pé kò rí i, mo sì rò pé, ó tó, n ó tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ìyá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó fi imú gba èémí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gùn títí a fi rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ló fò sókè. Kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Bí mo bá gbé e fún ẹ̀rọ mi, apẹ̀rẹ̀ orin ni yóò jù ú sí.

“Mò ń bọ̀, Ìyá,” ni àbúrò mi wí. Ó dìde, ó sì rékọjá.